Orin Àpò Ìrọ̀rí

Ìwọ tí o fẹ́ ka èyí, dúró ná. Wo ẹ̀gbẹ́ rẹ ọ̀tún, wo ti òsì. Ṣé fóònù ẹnìkan wà nítòsí tí o kò mọ ohun tó ń ṣe? Bí ó bá wà, má kà á sókè. Fi ojú kà á. Bí inú bá sì ti ń bí ọ tẹ́lẹ̀, gbé e tì di ọjọ́ mìíràn, torí èyí tó ń bí èmi náà kò tíì rọ̀, mi ò sì ní omi tútù tí mo lè bù fún ọ.

Mi ò kàwé púpọ̀. Ìwé kẹrin ni mo dé tí bàbá mi fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Nítorí náà, bí mo bá sọ ohun kan tí mo tún padà sọ ọ́, má bínú. Mo fẹ́ kó jẹ́ bó ṣe rí gan-an ni.

Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó di ọdún mọ́kàndínlógún báyìí. Ẹ̀yìn pátápátá la wà, níbi tí dókítà kò mọ ọ̀nà rẹ̀. Gbogbo ohun tí aláìsàn bá sùn lé, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Bí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ tán, wọ́n á kó o ní títutù wá sídìí ẹ̀rọ ìlọṣọ wa. Ẹ̀rọ náà tóbi tó yàrá kan. Rólà irin méjì ló wà nínú rẹ̀ tó ń yí sí ara wọn, wọ́n gbóná bí iná. Ẹni méjì á dúró níwájú, wọ́n á na aṣọ, wọ́n á ti etí rẹ̀ bọ àárín rólà. Ẹni méjì á dúró lẹ́yìn, wọ́n á gbà á ní gbígbẹ, wọ́n á ká a. Ajẹmáyó là ń pe ẹ̀rọ náà. Bí o ti ń fún un tó, bẹ́ẹ̀ ló ń yanu.

Èmi àti Ẹnu-Ata la wà lẹ́yìn. Ẹnu-Ata, orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́ tán. Níwájú, Apàlọ́ ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún, Ìyàwó lọ́wọ́ òsì. Ìyàwó kò tíì pé ọdún kan nílé ọkọ, ìyẹn la ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo tó bí i lọ́mọ. Apàlọ́ fi ọdún méjì jù mí lọ, Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é.

Apàlọ́ kì í ṣe ọ̀gá o. Kò sẹ́ni tó fi í jẹ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n òun ló ń darí wa, ohun tó sì fi ń darí wa ni àlọ́. Àlọ́ kan ṣoṣo ni, inú ara rẹ̀ ló ti mú un jáde, ó sì ti ń pa á bọ̀ fún bí ọdún mẹ́fà. Obìnrin kan ni wọ́n lé jáde láàárín àwọn ará ilé rẹ̀. Ó ní òun ò ní fi ilé òun sílẹ̀ fún wọn. Ó tu ilé náà tìpìlẹ̀tìpìlẹ̀, ó gbé e karí, ó ń wá ibi tí yóò sọ̀ ọ́ sí. Ojoojúmọ́ ló ń dé ìlú mìíràn. Láàárín ìlú sí ìlú, Apàlọ́ á dá orin, àwa á gbè é.

Ilé yìí wúwo lórí mi o.
Rọra, rọra.
Níbo ni n ó sọ̀ ọ́ sí o?
Iwájú, iwájú.

Fi ọkàn sí ibí yìí, torí òun gan-an ni ọ̀rọ̀. Ní rọra àkọ́kọ́, àwọn tó wà níwájú á na aṣọ. Ní rọra kejì, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ etí rẹ̀. Ní iwájú àkọ́kọ́, wọ́n á tì í. Ní iwájú kejì, ọwọ́ ti gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, kó wà lókè. Kò sẹ́ni tó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Etí la fi ń ṣọ́ ìka.

Bí ó bá jẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, tó gùn, tí omi sì mú kó wúwo, Apàlọ́ á fa orin náà bí ẹni tó ń gun òkè. Bí ó bá jẹ́ àpò ìrọ̀rí, tí kò ju ká na ọwọ́ kan lọ, á sáré rẹ̀, wéréwéré. Orin kan náà ni. Ìrìn rẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹni tó bá ti bá wa ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta á ti mọ̀ ọ́n.

"Ó dé ìlú kan lánàá," Apàlọ́ á wí, "ìlú tí wọ́n ti ń yá ara wọn létí."

"Kí ni wọ́n ń fi etí elétí ṣe?" Ẹnu-Ata á pariwo láti ẹ̀yìn.

"Wọ́n fi ń gbọ́ ohun tí wọn ò fẹ́ kí tiwọn gbọ́."

"Ọkọ mi nìyẹn! Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti la ẹnu, etí tèmi ló máa ń yá."

Ìyàwó á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jẹ́ kó sọ̀ ọ́ síbẹ̀ o jàre. Ọrùn á ti máa ro ó."

"Ṣé ọrùn tìẹ ni? Ẹni tó ń yá etí lónìí, ilé ni yóò yá lọ́la. Ilé yìí wúwo lórí mi o..."

"Rọra, rọra."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Láàárín gbogbo ọdún yẹn, iná Ajẹmáyó kò jó ẹnikẹ́ni lára.

Ni wọ́n bá gbé ọ̀gá tuntun dé. Kò tíì pé ogójì ọdún. Aago kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo, kì í ṣe aago ọrùn ọwọ́, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ lórí tí wọ́n bá fẹ́ mọ ẹni tó lè sáré ni. Ọ̀gá Aago la sọ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó dé, ó lẹ pátákó kan mọ́ ògiri: AṢÁÁJÚ NI GBOGBO WA.

Ẹnu-Ata kà á, ó ní, "Bí gbogbo wa bá ṣáájú, ta ló wá wà lẹ́yìn tó ń ká aṣọ?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọ̀gá Aago pè mí sí ọ́fíìsì. Mo mọ ìdí tó fi jẹ́ èmi. Ojú ẹni tó ń bẹ̀rù kì í fara sin.

"Màmá, ẹ jókòó."

Mo jókòó sí etí àga.

"Mo ti ń wò yín. Lọ́jọ́ mìíràn, iṣẹ́ yín á yá. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ ó máa fà. Kí ló ń fà á?"

"Orin ni, sà." Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

"Orin báwo?"

Mo ṣàlàyé. Mo ní Apàlọ́ ló ń ṣáájú orin, bí orin bá yá, iṣẹ́ á yá. Mi ò sọ ti àpò ìrọ̀rí. Rárá, jẹ́ kí n tún un sọ. Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ó ti yé mi." Bí ọ̀gá bá ní ó ti yé òun, ta ni èmi tí n ó ní kò tíì yé e?

"Ẹ ní fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀?"

"Mo ní, sà."

"Lọ́jọ́ tí orin náà bá yá dáadáa, ẹ gbà á sílẹ̀ fún mi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ o. Bí èèyàn bá ti mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ òun, kì í ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é mọ́." Ó tẹ orí aago rẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. "Wọ́n ní kí n dín èèyàn kan kù nídìí ẹ̀rọ yẹn. Ẹ̀yin méjì lẹ wà lẹ́yìn, àbí?"

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sì pọn dandan.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àpò ìrọ̀rí la lọ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán. Fóònù mi wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi, ó ń gbọ́. Mo gbe orin náà bíi ti tẹ́lẹ̀ kí wọ́n má baà fura. Mo mọ̀ pé àpò ìrọ̀rí ni. Ọwọ́ mi ń ká a, ojú mi ń rí i. Mo fún ọ̀gá ní ohun tí mo gbà sílẹ̀, mo sì dákẹ́.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Wọn ò sọ pé ìka ẹlòmíràn ni yóò bá a lọ.

Nígbà tí a dé lọ́jọ́ Ajé, sípíkà ńlá kan ti wà lókè Ajẹmáyó. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì kún inú kẹ̀kẹ́ ìkóṣọ méje. Ọ̀gá Aago ti yí eré ẹ̀rọ sókè kó lè bá orin mu. Ó tẹ nǹkan kan, ohùn Apàlọ́ sì bú jáde láti òkè: Ilé yìí wúwo lórí mi o! Lẹ́yìn náà ni ti wa, Rọra, rọra. Mo gbọ́ ohùn ara mi láàárín wọn. Òun ló ga jù. Òun ló sún mọ́ jù. Àpò aṣọ mi ni fóònù wà, kí ni mo rò pé yóò ṣẹlẹ̀? Mo wo Apàlọ́ láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ó ti gbójú sókè, ó ń gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló wo ilẹ̀.

"Ta ló gbà wá sílẹ̀?" Ẹnu-Ata béèrè. "Ẹ sọ fún mi kí n fi ẹnu mi kí i."

Mo tẹjú mọ́ aṣọ tí mo ń ká.

Apàlọ́ lọ bá ọ̀gá. Gbogbo wa ló gbọ́ ọ.

"Ọ̀gá, orin yìí yá jù fún aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ pa á, n ó kọ ọ́ fúnra mi."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò lè dárí jì í títí di òní. "Ohùn ta ni, Màmá?"

"Ohùn mi ni."

"Ohùn yín ló wá yá jù fún yín? Ṣé ẹ̀ ń bá ara yín jà ni?"

Ó padà sí ọ́fíìsì. Apàlọ́ gbìyànjú láti máa pa àlọ́ náà lọ. Ó ní obìnrin náà dé ìlú kan... Ohùn rẹ̀ tó wà lókè bò ó mọ́lẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún bò ó. Obìnrin kan ń figagbága pẹ̀lú ara rẹ̀, ará òkè ló sì ń borí. Nígbà tó di ọ̀sán, ó pa ẹnu mọ́. Láti ọdún mẹ́fà, ọjọ́ yẹn ni ilé náà kọ́kọ́ dúró lójú kan.

A ṣe é lọ́jọ́ Ajé. A ṣe é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀yìn ń ro wá. Ní Ọjọ́rú, kí agogo mẹ́wàá tó lù, aṣọ tó ń jáde bọ̀ sọ́wọ́ mi dúró díẹ̀, bí ẹni pé nǹkan dì í mú láti iwájú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ igbe.

Iwájú kejì ti kọjá, ọwọ́ Ìyàwó ṣì wà lórí aṣọ.

Apàlọ́ ju ara rẹ̀ lu bọ́tìnnì pupa. Rólà dúró. Sípíkà kò dúró, wáyà tirẹ̀ yàtọ̀. Apàlọ́ wà nílẹ̀ tó di Ìyàwó mú, ó ń ké pé "Ẹ gbà wá o!" Apàlọ́ tún wà lókè, ara rẹ̀ yá gágá, ó ń béèrè ibi tí òun yóò sọ ilé òun sí. Àwa náà sì wà lókè tí à ń dá a lóhùn. Rọra, rọra. Ẹnu-Ata ló gun orí àga tó fa wáyà náà já.

Ìka mẹ́rin. Ọwọ́ òsì. Àtàǹpàkò nìkan ló kù.

Lọ́jọ́ kẹrin, Ọ̀gá Aago tún pè mí. Ìwé kan wà níwájú rẹ̀.

"Màmá, àwọn ọ̀gá àgbà ń bọ̀ lọ́la. Ẹ bá mi fọwọ́ sí èyí."

Mo fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní Apàlọ́ máa ń fi àlọ́ gba ọkàn àwọn òṣìṣẹ́ kúrò lórí iṣẹ́. Ó ní òun fúnra rẹ̀ ló ń pinnu bí orin yóò ṣe yá tó. Ó ní kí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.

"Sà, kì í ṣe..."

"Òun kọ́ ni aṣáájú yín? Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ. Aṣáájú ló ń ru ẹrù." Ó rọra ti bírò sọ́dọ̀ mi. "Tàbí ká sọ fún wọn ẹni tó gbà á sílẹ̀? Fóònù yín ni wọ́n fi gbà á o, kì í ṣe tèmi."

Mo fọwọ́ sí i. Mo ní n ó sọ bó ṣe rí gan-an. Mo fọwọ́ sí i, ọwọ́ mi ò sì gbọ̀n.

Ní ọjọ́ kejì, obìnrin kan tó wọ awò ojú àti ọkùnrin kan tó ń kọ̀wé wá. Yàrá tí a ti ń jẹun ni wọ́n jókòó sí, wọ́n pe gbogbo wa. Ìyàwó wà níbẹ̀, ó fi báńdéèjì funfun wé ọwọ́, ó gbé e lé itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Báńdéèjì náà mọ́ tónítóní. Mo ń rò ó pé ilé ìfọṣọ wo ló fọ̀ ọ́.

Obìnrin náà ka ìwé náà sókè, ó sì yíjú sí Apàlọ́. "Màmá, ẹ ní ohun tí ẹ fẹ́ sọ?"

"Ẹ bi orin náà," Apàlọ́ ní.

Ọ̀gá Aago ti múra sílẹ̀. Ó gbé fóònù rẹ̀ jáde. "Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín. Ohùn wọn ni. Kò sẹ́ni tó ti ọ̀rọ̀ bọ̀ wọ́n lẹ́nu."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ilé yìí wúwo lórí mi o. Rọra, rọra.

Obìnrin náà yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ohùn ta ni èyí tó ga jù nínú àwọn tó ń gbè é?"

Mo wo ilẹ̀. Mo wo ọwọ́ Ìyàwó. Ohun kan gbóná láti inú mi wá sókè. Mo rò pé ìbẹ̀rù ni, torí òun nìkan ni mo mọ̀. Kì í ṣe ìbẹ̀rù.

"Èmi ni," mo wí. "Àpò aṣọ mi ni fóònù wà. Ọ̀gá ló ní kí n gbà á. Ọjọ́ Ẹtì ni. Ọjọ́ àpò ìrọ̀rí ni."

"Màmá, ẹ ti fọwọ́ sí..." Ọ̀gá Aago bẹ̀rẹ̀.

"Mo fọwọ́ sí irọ́! Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi!" Mi ò pariwo mọ́ ọ̀gá rí láyé mi. Ẹnu-Ata fúnra rẹ̀ wò mí bí ẹni rí iwin. "Ẹnu-Ata, lọ mú aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan wá. Tútù."

Ó ti sáré lọ. Nígbà tó dé, mo tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, omi ń kán sílẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ bọ́ síbí, ọwọ́ òsì. Èmi á wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Etí tábìlì ni rólà. Bí orin bá sọ rọra, ẹ nà á. Bó bá tún sọ ọ́, ẹ tẹ́ ẹ. Bó bá sọ iwájú, ẹ tì í. Bó bá tún sọ ọ́, kí ọwọ́ yín ti wà lókè."

"Kí lèyí? Eré ọmọdé?"

"Ẹ bá a ṣe é," obìnrin awò ojú ní.

Wọ́n tẹ orin. Ó nà á. Aṣọ wúwo, ó ń fà á sílẹ̀. Kó tó tẹ́ ẹ tán, iwájú ti dé. Iwájú kejì bá ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí aṣọ, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá na gbalaja sí etí tábìlì.

Ọkùnrin tó ń kọ̀wé dáwọ́ dúró.

"Ẹ tún un ṣe," obìnrin náà ní.

Ó tún un ṣe. Òógùn bo ojú rẹ̀. Ó tún bá ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

"Mi ò ṣe é rí ni," ó wí.

"Ìyàwó ti ṣe é rí, ọ̀gá," Ẹnu-Ata dá a lóhùn.

Wọn ò lé Apàlọ́. Wọ́n yọ sípíkà. Wọ́n fún èmi ní ìwé ìkìlọ̀. Ọ̀gá Aago ńkọ́? Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, èyí tó tóbi ju tiwa lọ. Mo gbọ́ pé ó ti lẹ pátákó rẹ̀ mọ́ ògiri níbẹ̀. Ìyàwó kò padà wá. Bí mo bá rántí èyí, mo máa ń ká aṣọ bí ẹni tó fẹ́ ya á.

Ní báyìí, Ẹnu-Ata àti obìnrin tuntun kan ló wà níwájú. Apàlọ́ ti wá sẹ́yìn, ọ̀dọ̀ mi. A kì í kọrin mọ́. Ojú la fi ń ṣọ́ ìka, ojú ò sì mọ iṣẹ́ náà bí etí. A ń falẹ̀. Ariwo Ajẹmáyó nìkan là ń gbọ́. Ó tó oṣù mẹ́ta tí Apàlọ́ kò bá mi sọ̀rọ̀ ju "gbà" àti "mú un wá" lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Aṣọ kan wà láàárín wa, ó di etí kan mú, mo di èkejì.

"Ẹ̀gbọ́n, obìnrin yẹn. Níbo ló wá sọ ilé rẹ̀ sí?"

A ká aṣọ náà sí méjì, a rìn pàdé ara wa.

"Ohùn rẹ ló ga jù," ó ní. "Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti mọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún, ṣé mi ò ní mọ ohùn rẹ ni?"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ìwọ ni mo fẹ́ kó sọ ọ́. Mo dúró dè ọ́ lọ́jọ́ Ajé. Mo dúró dè ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ń sọ lọ́kàn pé ojú á tì ọ́, wà á sọ ọ́." Ó gba etí aṣọ lọ́wọ́ mi. "Ìwọ ń bẹ̀rù, èmi ń bínú. Ìka ọmọ ọlọ́mọ la jọ fi san án."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ parí àlọ́ náà fún mi."

"Ó ti parí."

"Kò parí. Ilé ṣì wà lórí rẹ̀."

Ó wò mí. Ó ti pẹ́ tó ti wò mí bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Ó ṣì wà lórí rẹ̀."

Ó gbé aṣọ náà lé orí èyí tó wà nílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ, ó yíjú sí ẹ̀rọ.

"Ẹ̀gbọ́n?"

"Mi ò pa àlọ́ mọ́."